Mọ́tò Méjì Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnì

Ẹjìnrìn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Làtífátù ọmọ mi, Àwẹ̀ró ọmọ Ṣẹ̀rífátù, àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ Abọ́dúnrìn wà? Ayọ̀midọ̀tun ọmọ-ọmọ mi kékeré ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn ti yọ tán, àbí ó ti tún ká? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹja nínú ọ̀sà tí omi kò fi gbé e lọ, òun ni yóò máa ṣọ́ yín lórí afárá tí ẹ ń gbà lọ sí Èkó láràárọ̀. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kò ní ríran rí àléébù yín. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń dún bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù kì í jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. Bí mo bá pè, o ó ní o ń wa mọ́tò lọ́wọ́, o ó pè mí padà, kí n má bínú. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ìpè kan wà tí o ṣèlérí nínú ààwẹ̀ tó kọjá tí mo ṣì ń retí. Hussein awakọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Benson ní Ìkòròdú ni màá fi lẹ́tà yìí rán, mo sì ti sọ fún un pé kó má fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò ṣe ìwọ, kó sì dúró tì ọ́ títí o ó fi kà á tán. Jọ̀wọ́ má bínú sí i bó bá ń wò ọ́ lójú, èmi ni mo ní kó máa wò ọ́.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti pè mí pé mọ́tò olówó ńlá méjì tó ń lo iná ló wà níwájú rẹ, pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti jiyàn títí ẹ ò mọ èyí tí ẹ ó mú, pé èyí tí mo bá mú ni ẹ ó rà, àti pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ẹ ó sanwó, láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti lélẹ̀. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá bi ní ìmọ̀ràn gbọ́dọ̀ wádìí kó tó lanu. Mo jókòó, mo dìde. Mo gbé àáké, mo gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ tí Ùsmán apẹja ní kí n gbẹ́ fún òun ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀, ìdajì yòókù ṣì jẹ́ igi, Ùsmán a sì máa wá lójoojúmọ́ wá wò ó, a wá yíjú wò mí, a tún yíjú wò ó. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú.

Kí n ti orí mọ́tò dúdú bẹ̀rẹ̀, nítorí òun lo kọ́kọ́ gbé wá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí mọ́tò tuntun tí ọmọ Ẹjìnrìn rà wálé tí a kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí àfáà wọ́n omi àdúrà sí ẹ́ńjìnì rẹ̀. A wọ́n ọn sí lọ́rì Bàbá Jọláolúwa tó ń kó gaàrí, lọ́rì náà sì ń rìn títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní bíréèkì mọ́. Nítorí náà, nígbà tí o ní àwọn tó ń tà á ti yá ọ lò fún ọjọ́ mẹ́ta kí o fi dán an wò, mo ti ránṣẹ́ pe Àfáà Jẹ̀lílì. Láti àárọ̀ ló ti ń ké àdúrà sínú abọ́ omi kan. O dé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Súbúhánáláhì! Kò sí ẹ́ńjìnì. Ihò lásán ni, wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, bàtà gíga rẹ kan sì wà níbẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnì wà.

Mo kọ́kọ́ rò pé ibi tí o ti dúró ra búrẹ́dì ní Benson ni wọ́n ti yọ ọ́. Mo bi ọ́ bóyá o gbọ́ tí nǹkan já bọ́ lójú ọ̀nà. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o ní mọ́tò tó ń lo iná kò ní ẹ́ńjìnì bíi ti elépo, pé inú ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ni iná rẹ̀ wà. Mo fi ẹnu gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n Àfáà ti gbé abọ́ dání, àdúrà tí a ti ké tán kò sì ṣeé gbé padà sílé, ló bá da gbogbo omi náà sínú ihò. Àwa méjèèjì ò mọ̀ pé ìwé ọ́fíìsì rẹ wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Àfáà ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ní kí o má sá wọn sóòrùn jù, pé kò sí ọ̀tá tó lè dojú kọ ìwé wọ̀nyẹn mọ́.

Lẹ́yìn tí o lọ, mi ò rídìí jókòó. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá Mujeeb mẹkáníìkì, mo rò fún un bí ẹni ń fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Mujeeb ní òótọ́ lo sọ, pé bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn, mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnì, tí kì í mu epo, tí wọn kì í yí ọ́ìlì rẹ̀. Bó ti ń ka àwọn nǹkan tí kò ní náà fún mi ni ojú rẹ̀ ń fà ro, títí ó fi jókòó sórí táyà kan, tó sì fọwọ́ lẹ́rán. Èmi tí mo lọ kí ó lè fọkàn mi balẹ̀ ni mo wá ń ṣìpẹ̀ fún un.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ ṣàbòsí, mọ́tò dúdú dára. Ojú iṣẹ́ mi ni mo fi wò ó. Mo kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń kan ìrókò kí n tó gé e, ó sì dún jinlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ mo wo abẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró, abẹ́ mọ́tò yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kò sí irin kan tó ṣe gbágungbàgun níbẹ̀, ẹni tó kàn án kọ́ṣẹ́ dé ojú ẹ̀. Bó bá já sómi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, yóò léfòó díẹ̀ kí ó tó rò ó wò pé kí òun rì. Ibi tí èéfín ń gbà jáde nìkan ni mo wá tí mi ò rí. Ohun tó bá ń jẹun tí kò ní ibi tí ó ń gbà jáde, kí a máa ṣọ́ irú wọn.

Ohun kejì ni pé kì í dún. Mọ́tò rẹ àtijọ́, tí sáílẹ́ńsà rẹ̀ ti lu yẹn, láti ìyànà ọjà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Kí o tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti gbọn ẹ̀rún igi kúrò lára, mo ti wọ bùbá, mo ti jókòó bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn yíjú ni, o ti wà lẹ́yìn mi, èmi tí mo wà nínú ṣòkòtò tó ya. Adìyẹ mi pupa pàápàá kò gbọ́ ọ, tirẹ̀ ló sì burú jù, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì wà létí ọ̀nà.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò gan-an ni ti obìnrin tó wà nínú mọ́tò dúdú yẹn. Bí o ti wọlé tí o tẹ gíláàsì tó fẹ̀ tó fèrèsé yẹn báyìí, ohùn rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Òyìnbó, mo kí i, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Mo bi ọ́ ohun tó wí, o ní ó ní kí o yí mọ́tò padà, kí o máa lọ sílé ní Ìkòròdú, ó tilẹ̀ ti ka iye ìṣẹ́jú tí o ó fi dé ibẹ̀. Ta ló rán an níṣẹ́? Omi tí mo gbé kaná kí n fi ro ẹ̀bà fún ọ kò tíì hó. Èmi tí mo bí ọ ní kí o jókòó, o ní o ò lè pẹ́. Obìnrin tí a kò rí ojú rẹ̀ ní kí o máa lọ, o sì lọ. Mo dúró síwájú ilé títí mi ò fi rí ẹ̀yìn mọ́tò mọ́, mo wá wọlé lọ gbé omi kúrò lórí iná.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin kan pè mí láti ilé ìtajà àwọn tó ni dúdú. Ó ní o kọ nọ́ńbà mi sínú fọ́ọ̀mù pé èmi ni kí wọ́n bi nípa rẹ. Ó ń pè mí ní Àlàájì. Mo ní kó dúró ná, mi ò tíì dé Mẹ́kà, kó má kó ẹ̀ṣẹ̀ bá mi. Ó bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tí mo ti mọ̀ ọ́. Mo ní èmi ni mo pe ìpè ìrun sí ọ létí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, nígbà tí o ò tíì lórúkọ. Ó ní iye ọdún ni òun ń bèèrè. Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rí ọ gbẹ̀yìn. Mo ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní ó dára, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dúró, mo fi kún un pé o sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ ohun tó sún mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti wà nínú fọ́ọ̀mù wọn báyìí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.

Nítorí o ò sùn mọ́jú. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, ọdún kẹta rèé, o ò tíì sun ilé yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O ń wá, o sì ń gbé nǹkan wá, Ọlọ́run yóò san án fún ọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ìdúró lo ti máa ń kí sàréè ìyá rẹ, ìdúró náà lo ti máa ń kí èmi.

Mo dìde nídìí lẹ́tà yìí lọ wò ó bóyá òjò ń ṣú. Kò ṣú. Mo ti padà dé.

Ó kan mọ́tò funfun, tí àwọn tí ń bá àwọn oní-dúdú du ọjà yá ọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Tiwọn náà ń dán. Ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ inú bí orí ahun, mo wá a títí. Ìgbà tí mo kí i ló yọ jáde, n kò sì mọ̀ pé ìwọ lo tẹ nǹkan láti ibi tí o dúró sí, mo ti ń yìn ín pé mọ́tò tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyí. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí wá ni wọ́n kọ́ òrùlé fún. Mo jókòó sí àga rẹ̀, ìgbà tó yá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láti ìdí dé èjìká. Mo fò jáde. O ní àga náà ló ń fọwọ́ pa mí lára kó lè rọ̀ mí lọ́rùn. Àwẹ̀ró, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, kí ẹ máa sọ fún ènìyàn kó tó jókòó.

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà, kò sí ẹ́ńjìnì, mo sì gbà báyìí pé ìwà wọn ni. Àfáà kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ìwé wà níbẹ̀, ó wá wọ́n omi sí táyà nìkan. Obìnrin ti inú funfun ní tirẹ̀ níwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ Ẹjìnrìn. O ní láti ìyànà ló ti ń sọ pé ọ̀nà ti tán. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ pé o dé, báwo ni yóò ṣe lé ọ padà?

Àléébù funfun ni pé ikùn rẹ̀ kò tó ti dúdú. O ti fi lọ sí Èkó, o ti fi bọ̀, kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Sátidé ìjẹta, iná inú rẹ̀ ti ń tán lọ. O ti pa atẹ́gùn tútù inú rẹ̀, òógùn lo fi wọlé. Mo ní kí o ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. O ní irú iná ilé wa yìí, bó bá tilẹ̀ wà, títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mọ́tò yóò fi máa mu ún kó tó yó, o ò sì ráyè. O ní ti dúdú ló dáa, nítorí ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ abọ́ ìrẹsì kan nílé tí wọ́n ti ń fún un níná ní Èkó, ó ti yó, yóò sì gbé ọ wá síbí, yóò gbé ọ padà, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o ti ń sọ ọ́ lo ń da ìkọ́kọrẹ́ tí mo fi ẹja ọ̀bọ̀kún sè sínú kúlà. Ìkòròdú ni ẹ ti jẹ ẹ́. Mo ti ro iye iyọ̀ tí mo fi sí i fún odindi ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó sọ fún mi bóyá ó pọ̀.

Mo wá kó ọ̀rọ̀ méjèèjì síwájú àwọn ènìyàn. Ùsmán ní dúdú. Mujeeb ní dúdú, ó ní eruku máa ń hàn lára dúdú, ó kéré tán, òun yóò lè máa fọ̀ ọ́. Àfáà Jẹ̀lílì ní kí a má tilẹ̀ bi òun, gbogbo omi òun wà nínú dúdú. Ojú iṣẹ́ èmi pàápàá, dúdú ni. Mo mú pépà lánàá, mo kọ ọ́ pé dúdú ni kí o rà, mo kí ọ, mo ṣàdúrà, mo fọwọ́ sí i. Mo sì ya á. Mo kọ òmíràn, dúdú náà ni, mo tún ya á. Ùsmán dúró tì mí, ó ń wo pépà, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi, mi ò lè fẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tutọ́ funfun sí ọ. Dúdú ló dára jù. Dídára rẹ̀ náà ni mo ń bẹ̀rù. Mọ́tò tí kì í rẹ̀ kì í yà sílé ẹnikẹ́ni. Bí o bá rà á, o ó máa dé wẹ́rẹ́ láìdún, o ó máa lọ wẹ́rẹ́ láìdún, obìnrin yẹn á máa ka ìṣẹ́jú fún ọ, n ó sì máa gbé omi kaná, n ó máa gbé e sọ̀. Àwọn baba wa ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mo fẹ́ kí o sinmi nílé, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà mú ọ.

Funfun ni kí o rà. Èyí tó máa ń rẹ̀ yẹn. Bó bá dé ibí tó ti rẹ̀ ẹ́, a ó ki wáyà bọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó lè lé e dìde títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìwọ náà yóò sì wà nílé. Owó rẹ ni, kì í ṣe owó mi, mo mọ̀. Ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, nítorí bàbá kì í gba ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kó fi owó ńlá ra èyí tí kò dára tó èkejì. Bí Abọ́dúnrìn bá bi ọ́ ní ìdí rẹ̀, sọ fún un pé ti àga ni.

Mo mọ̀ pé yàrá ìyá rẹ lo ń sá fún. Èmi náà sá fún un, oṣù mẹ́fà ni mo fi sun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí báyìí, mo ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀, mo ti ṣí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. O lè sùn níbẹ̀. O lè sun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí oorun kò bá sì wá, a lè kàn jókòó kí o máa sọ fún mi bí Ayọ̀midọ̀tun ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku owó tí mo fẹ́ tọrọ. Wáyà tó wọ ilé wa ti jó láti ìgbà òjò, gílóòbù kan péré ló ń gbé, oníṣẹ́ iná sì ní wáyà tó nípọn àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ni mọ́tò ń fẹ́. Ó ti kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Fi owó tìmùtìmù tuntun kún un, èyí tó wà ńlẹ̀ ti tẹ́ láàárín. Owó adìyẹ mi tí mọ́tò tẹ̀ pa, àwọn tó ń ta dúdú ni kí o bi. Má san án sí báńkì o. Mo lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé owó tí o fi ránṣẹ́ jáde kí n kàn fojú rí i pé ó wà, kí wọ́n sì dá a padà, wọ́n ní wọn ò lè mọ èwo ni tèmi nínú gbogbo owó tó wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń da owó olówó pọ̀ mọ́ra, mi ò fẹ́ irú ẹ̀. Fi í rán Hussein.

O ó sì ní iná wa kì í dúró. Mo ti ro ìyẹn náà. Bí wọ́n bá mú un lọ kí mọ́tò tó yó, ọjọ́ kẹta ni o ó tó lọ nìyẹn. Èmi tí mo ti ń ṣépè lé àwọn tó ń mú iná lọ láti ìgbà èwe mi, àdúrà ni mò ń ṣe fún wọn báyìí.

Ọlọ́run yóò mú ọ rìn re, yóò sì mú ọ bọ̀ re. Ibi iṣẹ́ kò ní jọ ọ́ lójú ju ilé lọ. Ọmọ tí o bí náà yóò máa wá ojú rẹ. Àti lọ́jọ́ tí o bá ki mọ́tò rẹ bọ iná nílé bàbá rẹ, mo bẹ Olúwa, kó má jẹ́ kó tètè yó. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjùdéèn agbẹ́kọ̀.